Ìjọba ilẹ̀ òkèèrè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá mi: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí owó gbà-má-bínú

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn máa ń béèrè jù: ẹni tí wọ́n gba ilé rẹ̀, ẹni tí wọ́n ti iléeṣẹ́ rẹ̀ pa, ẹni tí bàbá rẹ̀ fi oko sílẹ̀ sá lọ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tí ìwé oko náà ṣì wà nínú àpótí. Ojú ìwé yìí kò lè dípò lọ́yà, àmọ́ ẹni tó bá kà á tán yóò mọ ohun tó yẹ kó bi lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ohun tó máa ń ya ẹni tó gbowó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò gbà. Wọn kì í wo bí ìyà náà ti pọ̀ tó. Pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí wọ́n gba nǹkan yín, àti ìwé tí ẹ fi pamọ́, ni wọ́n máa ń wò.

Ṣé ìjọba tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba dúkìá àjèjì?

Ó lẹ́tọ̀ọ́, èyí sì máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Òfin àgbáyé kò ní kí ìjọba má gba ilẹ̀, ilé tàbí iléeṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé tó bá máa gbà á, kó jẹ́ fún àǹfààní ará ìlú, kó má ṣe jẹ́ tìtorí ẹ̀yà tàbí ìlú tí onídúkìá ti wá, kó tẹ̀lé ìlànà òfin, kó sì san owó gbà-má-bínú.

Orí owó yìí ni ìjà wà. Ní 1938, tí Mẹ́síkò ń gba ilẹ̀ oko àti kànga epo lọ́wọ́ àwọn àjèjì, Cordell Hull tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà kọ̀wé sí wọn pé owó náà gbọ́dọ̀ yá, ó gbọ́dọ̀ tó, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tó ṣeé ná. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gba òmìnira lẹ́yìn ìgbà náà kò fara mọ́ ọn. Ìpinnu 1803 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1962 ní kí wọ́n san owó "tó yẹ". Láàárín owó tó tó àti owó tó yẹ, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là ló sá wọ ibẹ̀.

Orúkọ mi ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀. Wọn kàn ò jẹ́ kí n débẹ̀ ni. Ṣé ìyẹn náà ni gbígbẹ́sẹ̀ lé?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Titina Loizidou ní ilẹ̀ ní Kyrenia, ní àríwá Kípírọ́sì. Láti 1974 tí àwọn ọmọ ogun Túrkì ti gba apá ibẹ̀, kò lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà mọ́. Túrkì ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dáhùn ní 1996 pé òun ṣì ni onílẹ̀, àti pé dídí i lọ́nà fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Ní 1998 wọ́n ní kí Túrkì san owó fún un nítorí pé kò rí ilẹ̀ rẹ̀ lò. Ilẹ̀ náà kò kúrò lórúkọ rẹ̀.

Bákan náà, ìjọba lè fi ẹni tirẹ̀ sórí àga ọ̀gá iléeṣẹ́ yín, kó gba ìwé àṣẹ ìṣòwò yín, tàbí kó bu owó orí lé yín títí ẹ ó fi palẹ̀ mọ́. Àwọn onídàájọ́ ti pe irú ìyẹn ní gbígbẹ́sẹ̀ lé láìmọye ìgbà. Àmọ́ owó orí tó bófin mu, ìtanràn, tàbí dúkìá tí kóòtù gbà nítorí ìwà ọ̀daràn kò sí lára rẹ̀. Ilé tí bọ́ǹbù wó nínú ogun náà ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan.

Mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn báyìí. Ṣé orílẹ̀-èdè tuntun yìí lè bá mi gbà á?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fẹsẹ̀ kọ. Ìlànà tó ti pẹ́ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń gbèjà yín láti ọjọ́ tí wọ́n gba dúkìá náà títí di ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé béèrè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Kúbà. Ìjọba Fidel Castro gba oko ìrèké, ilé ìfọpo, báńkì àti ilé gbígbé. Amẹ́ríkà ní kí àjọ rẹ̀ kan, Foreign Claims Settlement Commission, máa yẹ ìwé àwọn tó pàdánù wò. Ẹni tó ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí wọ́n gba nǹkan rẹ̀ nìkan ni àjọ náà lè gbà wọlé. Àwọn ọmọ Kúbà tó sá lọ sí Miami, tí wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò ráyè wọ inú ètò náà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló gba nǹkan gbogbo wọn.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè sáré ra pásípọ́ọ̀tù kan. Friedrich Nottebohm, ọmọ Jámánì tó ti ń ṣòwò ní Guatemala láti 1905, di ọmọ Liechtenstein, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, ní 1939 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà ogun, Guatemala gba dúkìá rẹ̀ bíi ti ọ̀tá. Liechtenstein gbé ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, àwọn adájọ́ sì sọ ní 1955 pé kò sí okùn gidi kan tó so ọkùnrin yìí mọ́ Liechtenstein, nítorí náà kò lè gbèjà rẹ̀.

Ọmọ orílẹ̀-èdè méjì ni mí, ọ̀kan nínú wọn ló gba ilé mi.

Ó ṣòro, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dí pátápátá. Ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ àárín Ìráànì àti Amẹ́ríkà pinnu ní 1984 pé ibi tí ayé ẹni náà fìdí múlẹ̀ sí jù ni wọn yóò wò: ibi tó ń gbé, ibi tí ẹbí rẹ̀ wà, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ibi tó ti ń dìbò. Ẹni tí Amẹ́ríkà bá wúwo jù nínú ayé rẹ̀ lè pe Ìráànì lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó gbà á nìkan ni tiyín lọ́jọ́ náà, òfin àgbáyé ka ọ̀rọ̀ náà sí ti inú ilé. Ní 2021 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tún ìlànà yìí tẹnu mọ́ nínú ẹjọ́ tí àwọn ajogún àwọn oníṣòwò Júù kan pe Jámánì, lórí ohun ọ̀ṣọ́ ìsìn ayé àtijọ́ tí wọ́n ní àwọn Násì fipá rà lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn. Mi ò rò pé ìdájọ́ yẹn dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn. Ohun tó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ àti ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, níbi tí irú rẹ̀ bá wà.

Orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lórí ìwé, kì í ṣe orúkọ mi.

Nígbà náà, iléeṣẹ́ ló pàdánù, òfin kò sì kà á sí pé ẹ̀yin ni. Ibi tí wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ìlú rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀m gbèjà àwọn ọmọ rẹ̀ tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ iná mànàmáná kan tó ń jẹ́ Barcelona Traction, tó kógbá wọlé ní Sípéènì. Ní 1970 Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dáhùn pé Kánádà ni wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà Kánádà ló lè sọ̀rọ̀.

Ahmadou Sadio Diallo, ọmọ Gínì, fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gbé ní Kóńgò fún ọdún 32, ó dá iléeṣẹ́ méjì sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ òfin Kóńgò. Ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá jẹ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní owó rẹpẹtẹ. Nígbà tó takú pé òun fẹ́ gba owó òun, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì lé e kúrò nílùú ní 1996. Gínì gbé ọ̀rọ̀ náà dé The Hague, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ yọ gbèsè iléeṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá: ọmọ Kóńgò ni iléeṣẹ́ méjèèjì. A óò tún padà bá Diallo nígbà tí a bá dé orí ẹ̀rí.

Ohun tó máa ń gba onípìn-ín sílẹ̀ lóde òní ni àdéhùn ìdókòwò tí orílẹ̀-èdè méjì bá fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ka ìpín nínú iléeṣẹ́ mọ́ ohun tí wọ́n ń dáàbò bò.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ilẹ̀ tó gbà á gan-an. Mo mọ̀ pé kò bọ́ sétí: ẹni tó gbani lẹ́rù lójú, ẹ tún ní ká lọ bá adájọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kí ìjọba yín tó lè dá sí i, wọn yóò béèrè pé ṣé ẹ ti lo gbogbo ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni tí ó bá hàn gbangba pé ọ̀nà náà kò lè so èso: kóòtù ti ti ìlẹ̀kùn, òfin ti sọ pé adájọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, tàbí kí ẹ̀mí yín wà nínú ewu tí ẹ bá padà. Ẹ kọ lẹ́tà síbẹ̀ ó kéré tán, kí ẹ fi èsì pamọ́. Bí èsì kò bá wá, ẹ fi ẹ̀rí pé lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ wọn pamọ́.

Nígbà mìíràn, ìjọba tuntun máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù Kẹjọ 1972, Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà ní Ùgáńdà ní 90 ọjọ́ kí wọ́n kó jáde. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti oko wọn bọ́ sọ́wọ́ àjọ olùtọ́jú dúkìá tí ìjọba dá sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Amin lọ tán, Ùgáńdà ṣe òfin kan ní 1982 tó jẹ́ kí onídúkìá lè béèrè kí wọ́n dá a padà tàbí kí wọ́n sanwó. Ní ọdún 1990 sókè ni ọ̀pọ̀ tó rí ilé gbà gbà á. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣì pé ló rọrùn fún.

Ṣé mi ò lè pe ìjọba náà lẹ́jọ́ níbi tí mo ń gbé?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, rárá. Ìjọba kan kì í ṣe adájọ́ lórí ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀, ìlànà àtijọ́ nìyẹn. Ní 1964, nínú ẹjọ́ kan lórí ṣúgà tí Kúbà gbà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé òun kò ní jókòó dá ìjọba mìíràn lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lórí ilẹ̀ ara rẹ̀.

Amẹ́ríkà ló ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, nípa òfin 1976 tó yọ dúkìá tí wọ́n gbà lọ́nà tó lòdì sí òfin àgbáyé sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n dúkìá náà tàbí ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú òwò tí ìjọba náà ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹnu ọ̀nà yìí ni Maria Altmann gbà wọlé. Àwọn Násì kó àwòrán tí Gustav Klimt yà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ ní Vienna, wọ́n sì wá gbé e kọ́ sí ilé àwòrán ìjọba Ọ́síríà. Ní 2004 ilé ẹjọ́ tó ga jù gbà pé ó lè pe Ọ́síríà lẹ́jọ́. Lẹ́yìn èyí, tọ̀túntòsì gbà kí àwọn onílàjà ní Ọ́síríà dá a, wọ́n sì dá àwòrán márùn-ún padà fún un ní 2006, lọ́dún tó pé ẹni àádọ́rùn-ún.

Kí ẹ tó máa yọ̀, ẹ gbọ́ ti 2025. Àwọn Júù tí wọ́n kó ẹrù wọn ní Họ́ńgárì nígbà ogun ní ìjọba ti ta ẹrù náà, ó sì ti da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ìjọba tó ń ná ní Amẹ́ríkà. Ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé kí owó ti dàpọ̀ nìkan kò tó láti gbé ẹjọ́ náà wọlé. Àwòrán ṣeé tọ́ka sí lára ògiri. Owó tí wọ́n ti dà sínú àpò ńlá kò ṣeé tọ́ka sí.

Olùdókòwò ni mí. Wọ́n ní ICSID wà.

Ó wà. Ibi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ olùdókòwò àti ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ni. Àdéhùn Washington ti 1965 ló dá a sílẹ̀, lábẹ́ Báńkì Àgbáyé. Níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó pe ìjọba náà, láìdúró de ìjọba yín. Ohun tí ẹ nílò ni pé kí ìjọba náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, yálà nínú àdéhùn ìdókòwò tàbí nínú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Àwọn àgbẹ̀ ọmọ Netherlands kan gba ọ̀nà yìí lọ bá Sìmbábúwè torí oko tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dá wọn láre ní 2009 pẹ̀lú owó tó lé ní mílíọ̀nù 8 yúrò. Àwọn àgbẹ̀ tí orílẹ̀-èdè wọn kò ní irú àdéhùn yẹn pẹ̀lú Sìmbábúwè kò lè tẹ̀ lé wọn. Owó lọ́yà níbẹ̀ pọ̀ dé ibi pé kò mọ́gbọ́n dání fún ẹni tó pàdánù ilé kan ṣoṣo.

Kí ni ìjọba mi lè ṣe?

Ó lè gba ọ̀rọ̀ yín ṣe tirẹ̀, kó sì bá ìjọba kejì dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò pọn dandan fún un. Tó bá sì gbà á, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ yín. Òun ló máa pinnu iye tó gbà, ìgbà tó gbà á, àti bóyá kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òwò tàbí ọ̀rẹ́.

Ó wọ́pọ̀ kí ìjọba méjì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, kí wọ́n san owó àpapọ̀, kí wọ́n sì pín in. Ní 1979, tí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà fẹ́ tún àjọṣe wọn ṣe, Ṣáínà gbà láti san mílíọ̀nù 80.5 dọ́là. Iye tí wọ́n ti jẹ́rìí sí pé ó tọ́ sí àwọn onídúkìá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 197. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ńtì 41 lórí dọ́là kan, ẹni tí kò sì fẹ́ẹ́ gbà á kò ní ibòmíràn láti lọ.

Báwo ni àwọn ìgbìmọ̀ pàtàkì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Lẹ́yìn ogun tàbí ìyípadà ìjọba ni wọ́n sábà máa ń dá wọn sílẹ̀, gbèdéke wọn sì máa ń kúrú. Èyí tó tóbi jù ni ti Ìráàkì. Lẹ́yìn tí Ìráàkì kógun wọ Kùwéètì, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Geneva ní 1991. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 ìwé ni wọ́n gbà. Àpapọ̀ owó tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ bílíọ̀nù 52.4 dọ́là, nígbà tí ohun tí àwọn ènìyàn béèrè lé ní bílíọ̀nù 350. Inú owó epo Ìráàkì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó sá kúrò ní Kùwéètì láìmú nǹkan kan dání lè gba 2,500 dọ́là lórí ẹ̀rí kékeré pé ó wà níbẹ̀ tí ó sì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gba jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń da ìwé bò. Àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè náà ráyè wọlé, torí àwọn àjọ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló kọ̀wé fún wọn.

Ti Ìráànì yàtọ̀. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba níbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n há mọ́lé ní ẹ́ńbásì, àdéhùn Algiers ti oṣù Kíní 1981 dá ilé ìdájọ́ kan sílẹ̀ ní The Hague. Wọ́n ti ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ètò náà fi ṣiṣẹ́ kò ju èyí lọ: owó ti wà nílẹ̀.

Ní báyìí, èyí tó ṣì ń gba ìwé ni Àkọsílẹ̀ Àdánù Ukraine, tí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 2023 tó sì ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 2024. Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ sábẹ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́síà lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kò tíì san kọ́bọ̀, àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń sọ fún yín pé òun lè bá yín gba owó níbẹ̀ kíákíá ń tàn yín.

Irú ẹ̀rí wo ni wọ́n ń fẹ́?

Ẹ̀rí mẹ́ta: pé tiyín ni, pé ìjọba ló gbà á, àti pé iye báyìí ni. Ìkẹta yìí ló ń pa ènìyàn lára jù.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Diallo. Gínì béèrè owó tó lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là fún un. Ní 2012 ilé ẹjọ́ fún un ní 95,000. Nínú rẹ̀, 85,000 jẹ́ ti ìyà àti ìtìjú, 10,000 péré ni ti ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti kọ ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní bí ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn tí wọ́n lé e, àkọsílẹ̀ yẹn ló sì gba 10,000 yẹn fún un. Àwọn ohun olówó iyebíye tó ní òun ní, aago olókùúta dáyámọ́ǹdì wà lára wọn, kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, kò sì sí rìsíìtì. Owó tó wà ní báńkì, kò sí ìwé báńkì. Owó oṣù tó ń gbà, kò sí ìwé owó oṣù. Ilé ẹjọ́ tó gbà pé wọ́n hùwà ìkà sí i kò lè kọ iye tí kò rí.

Nítorí náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ: ìwé ilẹ̀ àti ìwé tí ẹ fi rà á, ìwé owó orí, ìwé iná àti omi, ìwé ìdánilójú adójútòfò, ìwé báńkì, fótò ilé nínú àti lóde, lẹ́tà tí ẹ kọ sílé nígbà náà. Ìwé ìròyìn ìjọba tó kéde gbígbà náà ṣe pàtàkì, torí òun ló ń sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù tó ti kọjá ọjọ́ gan-an kò gbọdọ̀ sọnù, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ọmọ ibo ni yín nígbà náà. Mo ti rí ẹni tó dáná sun ti bàbá rẹ̀ nígbà tó ń palẹ̀ ilé mọ́.

Ìwé mi jóná tàbí mo fi sílẹ̀ sá lọ ńkọ́?

Ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó. Ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ibẹ̀, ní báńkì tó yá yín lówó, lọ́wọ́ adójútòfò, lọ́wọ́ lọ́yà tó kọ ìwé náà. Ẹ mú aládùúgbò, alájọṣe tàbí ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́ wá, kí wọ́n tètè búra sí ohun tí wọ́n mọ̀, kí ikú tó mú wọn lọ. Ìbúra onítọ̀hún fúnra rẹ̀ nìkan kì í gbéṣẹ́ púpọ̀. Ohun tó ń dáni lójú jù ni kí ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí kò mọra wọn bá ara wọn mu.

Iye wo ni wọn yóò san?

Iye tí dúkìá náà tó lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìròyìn pé ìjọba fẹ́ gbà á kò gbọ́dọ̀ já iye náà lulẹ̀. Ilé ẹjọ́ àgbáyé ti ìgbà náà sọ ní 1928, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Chorzów láàárín Jámánì àti Pólándì, pé tí gbígbà náà bá lòdì sí òfin, kí wọ́n tún nǹkan ṣe débi pé yóò dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ fi ti Ṣáínà lókè yẹn wé e.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí dáadáa. Ní 2020 Sìmbábúwè àti àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun fọwọ́ sí bílíọ̀nù 3.5 dọ́là, àmọ́ owó ilé, kànga àti ọgbà tí wọ́n ṣe sórí oko ni. Owó ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 2025, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi lélẹ̀ ní owó, ìyókù jẹ́ ìwé gbèsè ìjọba.

Èlé lè pọ̀ ju owó gan-an lọ. Lórí àwọn ìwé Kúbà, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni wọ́n fi kún un, láìgorí èlé. Ẹ ṣírò ọgọ́ta ọdún rẹ̀.

Bàbá mi ló ni ín, ó ti kú.

Ajogún lè gbà á lọ síwájú, bí òkú náà bá yẹ lọ́jọ́ náà tí ẹ̀yin náà sì yẹ lónìí. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìpíngún tàbí ìwé kóòtù tó sọ ajogún, àti ìwé ìbí tó so yín mọ́ ọn. Kí gbogbo ọmọ jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo. Ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ju àtakò ìjọba lọ.

Ṣé ó máa pẹ́?

Ó máa pẹ́. Loizidou kọ̀wé ní 1989, ó gbowó ní oṣù Kejìlá 2003. Owó ìkẹyìn ti Ìráàkì jáde ní oṣù Kíní 2022, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ogun. Ìwé 5,913 ni Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí lórí Kúbà, ó tó bílíọ̀nù 1.9 dọ́là láìka èlé, Kúbà kò sì tíì san ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ má fi èyí ṣe ìdí láti má forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú fáìlì lọ́jọ́ tí ìjọba méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pín owó fún. Gbèdéke ètò Ìráànì jẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kíní 1982. Ẹni tó dé lọ́jọ́ kejì bá ìlẹ̀kùn ní títì.

Wọ́n dá mi láre, ìjọba náà ò sì san.

Ẹ ó máa wá dúkìá rẹ̀ tó wà nílẹ̀ mìíràn nìyẹn. Ilé ẹ́ńbásì kò ṣeé fọwọ́ kàn, owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ́ńbásì náà kò ṣeé fọwọ́ kàn. Dúkìá òwò ni ẹ lè lé. Crystallex, iléeṣẹ́ ìwakùsà ti Kánádà, gba ìdájọ́ bílíọ̀nù 1.2 dọ́là lórí Fẹnẹsúẹ́là ní 2016. Ó tẹ̀lé e dé kóòtù ní Delaware, títí wọ́n fi ní kí wọ́n ta ìpín iléeṣẹ́ tó ni Citgo, iléeṣẹ́ epo tí Fẹnẹsúẹ́là ní ní Amẹ́ríkà. Owó ńlá ló ń ṣe irú ìyẹn. Ẹni kan ṣoṣo kò lè ṣe é.

Mi ò fẹ́ owó. Ilé mi ni mo fẹ́.

Ẹ lè béèrè rẹ̀, òfin àgbáyé sì fi dídá nǹkan padà ṣáájú owó. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ báyìí, tó ra á láìmọ̀, tó sì ti bímọ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ dúkìá tó wà ní àríwá Kípírọ́sì lè dá a padà, ó lè fi òmíràn pààrọ̀, ó lè sanwó, ilé ẹjọ́ Yúróòpù sì sọ ní 2010 pé ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Owó ni ọ̀pọ̀ jù gbà níbẹ̀.

Èló ni lọ́yà máa gbà, báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú?

Níwájú Foreign Claims Settlement Commission, àjọ Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ Kúbà, òfin kò jẹ́ kí lọ́yà gba ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá san fún yín. Lórí ti Ìráàkì, ìjọba tó kó ìwé àwọn ará ìlú jọ lè yọ ìdá kan ààbọ̀ sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ìwọ̀n yìí wo ẹni tó bá ní kí ẹ san ìlàjì.

Ẹni tó bá pè yín pé owó yín ti jáde, kí ẹ kọ́kọ́ san owó ìtúsílẹ̀, olè ni. Ẹni tó bá béèrè pásípọ́ọ̀tù gidi tàbí ìwé ilẹ̀ gidi, ẹ fún un ní ẹ̀dà. Kò sí àjọ gidi tó ń fi orúkọ ẹni ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ó yege.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n gba tèmi. Kí ni kí n ṣe lónìí?

Tí ẹ bá ṣì lè dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ ya fótò yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá dé yàrá, kí ẹlòmíràn tó bá yín wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́. Bí ẹ kò bá lè débẹ̀ mọ́, ẹ jókòó lálẹ́ òní kọ gbogbo rẹ̀ láti inú orí, kó tó parẹ́. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ẹ fi ìfẹ́ inú yín yọ̀ǹda rẹ̀, àyàfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bó bá sì di dandan, lọ́jọ́ tí ẹ bá dé ibi ààbò, kí ẹ búra sí ìwé pé ipá ni wọ́n fi mú yín. Ẹ kọ̀wé sí ẹ́ńbásì yín, kí ẹ gba ìwé pé wọ́n ti rí i gbà.